Má Fi Kíjìpá Màmá Tọrẹ Kí O Tó Lọ Sí Ìlú Aṣálẹ̀

Ìbà, lọ́nà Ọ̀jọ́,
Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Bí o bá wà lórí ìdúró, jọ̀ọ́, wá ibi jókòó sí, nítorí ìwé yìí yóò gùn díẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àròyé mi. Ara wa le, ilé tòrò, àwọn àbúrò rẹ wà lálàáfíà, a sì ń fi ojoojúmọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìwọ àti Tájù ọkọ rẹ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí o ti sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ti gbà ọ́ síṣẹ́ alásè, pé ìwọ àti Tájù yóò kó kúrò ní ìlú yìnyín tí ẹ wà, pé ìlú kan nínú aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni ẹ ń lọ ní oṣù kẹta, ìyá rẹ kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ti wé gèlè, ó ti gba ọjà bárékè lọ, ó lọ sọ fún àwọn ìyàwó sójà tí wọ́n ń ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá nìkan jókòó, mo sì dúpẹ́. Ọdún mẹ́rin ni o fi kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè nínú òtútù, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ dé. Ọlọ́run ò já wa kulẹ̀.

Ohun kan ló yà mí lẹ́nu. O ní àwọn olówó ló ń lọ gbafẹ́ ní ìlú yẹn, pé omi ìlúwẹ̀ wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan, pé ìgbà ìrúwé gan-an ni wọ́n ń ya lọ síbẹ̀ jù. Ó mà ga o. Èmi tí mo ti dé inú aṣálẹ̀ rí, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fowó ara òun lọ síbẹ̀ lọ gbafẹ́, ǹ bá bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò ka sókè fún ìyá rẹ. O ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibi tó gbóná lẹ ń lọ, o fẹ́ kó gbogbo aṣọ òtútù yín fún àwọn aláìní, títí kan “aṣọ àtijọ́ tó wúwo yẹn tí Bàbá kì sínú àpótí mi.” Àṣàkẹ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Má kó súwẹ́tà dànù, má sì fi aṣọ yẹn tọrẹ. Kíjìpá ni, ìyá mi ló hun ún. O ò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni, nítorí mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo ń bá Làmídì ṣiṣẹ́ lọ́rì, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Òkokò. Mi ò tíì mọ ìyá rẹ nígbà náà. Làmídì ni dírẹ́bà, èmi ni mo ń bá a di ẹrù tí mo sì ń bá a pààrọ̀ táyà. Obì la máa ń gbé lọ sí Kánò. Lọ́dún kan, oníṣòwò kan ní Kánò ní kí a bá òun gbé obì kọjá lọ sí Àgádẹ́sì, nínú aṣálẹ̀, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso nígbà náà. Làmídì ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí a tó kúrò ní Ìsẹ́yìn, ó kìlọ̀ fún mi.

Ó ní, “Gàníyù, gbé aṣọ tó nípọn dání. Oòrùn ibẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ.”

Mo sọ fún ìyá mi. Ó lọ jókòó sídìí òfì rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi hun kíjìpá kan fún mi, aláró, tó nípọn débi pé bí o bá ká a sílẹ̀, yóò dúró fúnra rẹ̀. Ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Èyí ò ní jẹ́ kí òtútù mú ọ.”

A dé Kánò ní ìparí ọyẹ́. Ooru ọ̀sán ọjọ́ náà kọjá sísọ. Mo wo kíjìpá, mo rò pé ìyá mi kò kúrò ní Ìsẹ́yìn rí, kí ló mọ̀ nípa ilẹ̀ ibòmíràn? Ọkùnrin kan wà lọ́jà tó ń ta aṣọ tí àwọn òyìnbó ti wọ̀ kù. Ó fi kóòtù kan kọ́, aláwọ̀ eérú, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ ya fọ́tò lórí ràkúnmí, kí n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan nílé. (Kì í ṣe ìyá rẹ. Má ṣe bi í léèrè.) Ọkùnrin náà yẹ kíjìpá mi wò, ó ní kí a ṣe pààrọ̀. Mo gbà. Mo tún ra bàtà ṣóńṣó kan tó há mi lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí Làmídì rí mi, ó béèrè pé, “Kíjìpá dà?”

Mo ní, “Mo ti fi pààrọ̀ kóòtù yìí.”

Ó fi ọwọ́ méjì di etí kóòtù náà mú, ó ní, “Èyí tó fẹ́lẹ́ bí ewé yìí?”

“Bùọ̀dá, ṣé ẹ ò rí ooru tó ń pa wá níbí ni? Ibi tí à ń lọ tún gbóná ju ibí lọ.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Mo wọ lọ́rì.

Lẹ́yìn tí a kọjá ìlú Síńdà, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kán. Lọ́rì kan tó ń bọ̀ lódìkejì bá wa jẹ́ iṣẹ́ pé kí wọ́n fi irin mìíràn ránṣẹ́. Wọ́n ní yóò tó ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́sàn-án, ara lọ́rì gbóná débi pé a ò lè fọwọ́ kàn án. Èmi bọ́ kóòtù, mo bọ́ ẹ̀wù, mo jókòó bí akọni, oòrùn sì bó ẹ̀yìn mi. Omi tí a gbé dání, mo sọ pé n kò ní mu ún títí òùngbẹ yóò fi gbẹ mí dáadáa. Ìgbà tí òùngbẹ náà dé, orí ti ń fọ́ mi, ojú ti ń ṣú mi.

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ ni atẹ́gùn yí padà. O lè fi mí rẹ́rìn-ín, ìwọ tí o ti rí yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní ilé, ẹ ní iná tó ń mú ilé gbóná. Iyanrìn kì í tọ́jú ooru de ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí oòrùn fún un lọ́sàn-án, ó ti dà á nù kí ènìyàn tó jẹun tán. Ní ọjọ́ kìíní, Làmídì pè mí wọ inú búláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ó kéré fún ẹni méjì. Ní ọjọ́ kejì, ibà mú mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Làmídì wé búláńkẹ́ẹ̀tì náà mọ́ mi lára pátápátá.

Mo ní, “Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ó ní, “Oorun ò kùn mí. Mo fẹ́ máa ṣọ́ ẹrù.”

Irọ́ ló pa. Ta ni yóò wá jí obì gbé nínú aginjù yẹn? Ó wọ inú lọ́rì lọ, ó fi àpò òfìfo bora. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́. Ó ń wúkọ́, ó fọwọ́ di àyà mú, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe.

Ìyá àgbà kan tó ń da ewúrẹ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rí wa lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Búsú ni wọ́n, àwọn tó ń gbé inú àgọ́ awọ. Ó gbọ́ Haúsá díẹ̀, Làmídì sì gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ kan àyà Làmídì, ó wo èmi àti kóòtù mi láti òkè dé ilẹ̀, ó wá béèrè nǹkan kan. Làmídì kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sọ ọ́.

Ó ní, “Ó ń béèrè pé ìyá wo ló bí wa tí kò lè fún wa láṣọ.”

Ìyá tó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án hun aṣọ ni wọ́n ń bú, èmi ni mo fà á, mo sì dákẹ́.

Ìyá yẹn gbé Làmídì lọ sí àgọ́ rẹ̀ lórí ràkúnmí. Ó fi awọ àti aṣọ onírun bò ó, ó ń fún un ní wàrà ewúrẹ́ gbígbóná láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tọ́jú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló fi ọ̀rá pa ẹ̀yìn mi tó bó, tó sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi aṣọ wé orí àti ẹnu. Nígbà tí lọ́rì wa dìde, a fẹ́ já odidi àpò obì kan sílẹ̀ fún wọn. Ó kọ̀. Obì márùn-ún péré ló mú, ó bu ọ̀kan fún wa padà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Mo máa ń fi í sínú àdúrà mi, mo ń pè é ní Ìyá.

Ìgbà tí mo délé, ìyá mi bi mí pé, “Kíjìpá ńkọ́?”

Mo ní, “Wọ́n jí i ní Kánò.”

Làmídì dúró níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá mi ní, “Kò burú. Ìwọ kọ́ ni wọ́n jí gbé.” Ó padà sídìí òfì rẹ̀, ó hun òmíràn. Òun ni ó wà nínú àpótí rẹ lọ́hùn-ún. Ìyá mi lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ kí n tó rójú sọ òótọ́ fún un, ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé. Nígbà tí ìwọ náà ń lọ, mo kì í sínú àpótí rẹ láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń dá ohun tó jí padà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ẹrù dídì, nítorí oṣù kẹta ò jìnnà mọ́.

Èkíní, aṣọ. Ẹ wọ aṣọ léra wọn, èyí tó fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, èyí tó nípọn lókè, kí ẹ lè máa bọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbóná, kí ẹ sì tún máa wọ̀ ọ́ padà bí ìrọ̀lẹ́ bá ń dé. Ìwọ gan-an, nídìí iná ni o ó ti máa ṣiṣẹ́. Bí o bá jáde kúrò ní ilé ìdáná pẹ̀lú òógùn lára, atẹ́gùn ibẹ̀ yóò gbẹ ẹ́ mọ́ ọ lára wàràwàrà. Fi súwẹ́tà kan sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́, má máa gbé e lọ gbé e bọ̀, kí o má bàa gbàgbé rẹ̀ sílé.

Èkejì, má ṣí ara sílẹ̀ nítorí pé oòrùn mú. O ní àwọn àlejò ibẹ̀ máa ń sá ara wọn sóòrùn bí ẹni sá ẹ̀gẹ́. Tiwọn nìyẹn. Ìwọ, aṣọ funfun gígùn tó gba atẹ́gùn ni kí o wọ̀, kí o sì ní ìborùn tó lè bo orí àti imú, nítorí ìgbà ìrúwé ni ìgbà tí ìjì máa ń gbé iyanrìn kiri. Aago Tájù àti ẹ̀rọ fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé wọn.

Ẹ̀kẹta ni omi. Má dúró de òùngbẹ. Ẹni tó bá dúró dè é ti pẹ́. Mu omi nígbà tí o bá jí, mu ún kí o tó jáde, mu ún bí kò tiẹ̀ wù ọ́.

Bàtà tí ẹsẹ̀ rẹ ti mọ̀ ni kí o gbé lọ, má ra tuntun nítorí iṣẹ́ tuntun. Bàtà ṣóńṣó tí mo sọ yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn lẹ́yìn ràkúnmí ìyá yẹn, nítorí ẹsẹ̀ mi ti wú kọjá ohun tí bàtà lè gbà.

Ìyá rẹ ń yọjú wo ohun tí mò ń kọ. Ó ní, “Sọ fún un kó máa fi òrí pa ètè àti gìgísẹ̀ kó tó sùn. Mo ti di agolo méjì sílẹ̀.” Ọmọ sójà kan tó ń padà sílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún ni yóò bá wa mú un wá. Ó tún fẹ́ fi gààrí sí i.

Mo ní, “Inú aṣálẹ̀ lo fẹ́ kí ọmọ ti máa mu gààrí? Omi dà?”

Ó ní, “Ṣebí wọ́n ní omi ìlúwẹ̀ wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan.”

Gààrí ń bọ̀.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Èyí tó kù kì í ṣe ti inú àpótí nìkan. Nílé níbí, owó ti dé sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ń la títì ńlá lọ sí Àgbádárìgì, típà mi ń gbé iyanrìn síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, a sì dúpẹ́. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ níjelòó ti ń wa mọ́tò tirẹ̀. Àwọn tó ń ti òkè òkun dé ń kó àpótí mẹ́fà, méje, aládùúgbò á sì jáde wá kà á. Má jẹ́ kí irú ìyẹn wọ̀ ọ́ lójú. Àpótí kan fún ìwọ, ọ̀kan fún ọkọ rẹ, ó tó. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí náà, bí àgbà bá sọ pé kí o gbé àkísà kan dání, gbé e. Ó ti mọ ohun tó bá a pàdé lọ́nà.

Bí o bá sì ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ kí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ tó lọ. Pàápàá láàárín ìwọ àti Tájù. Irọ́ kékeré tí mo pa fún ìyá mi kò pẹ́ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé e kiri.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Òkokò. O mọ ikọ́ tó máa ń wú u nígbà ọyẹ́, tí ẹ̀yin ọmọ máa ń sín jẹ nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Inú lọ́rì yẹn ló ti mú un. Kò lọ tán rí. Òun náà kò sọ ibi tó ti rí i fún ẹnikẹ́ni, àní fún ìyá rẹ tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, kódà nígbà tí mo wá tọrọ ìyá rẹ lọ́wọ́ wọn. Ó lè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n lé mi padà. Dípò bẹ́ẹ̀, òun ló sọ fún bàbá wọn pé òun mọ̀ mí, pé ènìyàn dáadáa ni mí. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, bóyá n kì bá tí bí ọ.

Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, ara mi ò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ bá a ní Òkokomáíkò. Ó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì kan. Eruku títì tí wọ́n ń là gba gbogbo ibẹ̀, ó fi áńkáṣífù bo imú.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Bùọ̀dá, mo wá dúpẹ́.”

Ó ní, “Ti kí ni? Dìde, ilẹ̀ dọ̀tí.”

“Ti búláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ wé mọ́ mi lára nínú aṣálẹ̀. Èmi ni mo kó ikọ́ yìí bá yín. Láti ọjọ́ náà, mi ò fẹnu mi dúpẹ́ rí, mi ò sì tọrọ àforíjì.”

Ó wá ní, “Gàníyù, bí ọyẹ́ bá ti dé, ta ló máa ń kọ́kọ́ wá wò mí láràárọ̀?”

Mo ní, “Èmi ni.”

“Lọ́dún tí mo dákú, ta ló gbé mi pọ̀n lọ sí ọsibítù?”

“Èmi náà ni.”

“Ta ló sọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Làmídì?”

Mo dorí kodò.

Ó ní, “Ọpẹ́ ni mo rò pé o ti ń dá láti ọjọ́ yìí. Àṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, mo sì jókòó tì í, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí ó fi rọlẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rò pé ìjà la fẹ́ jà.

Ọmọ mi, bí ẹ bá ti dé ìlú yẹn tí ẹ sì ti rí ilé, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí o bá kọ, má kọ ọ́ sí èmi tàbí ìyá rẹ. Kọ ọ́ sí Bàbá Òkokò. Sọ fún un bí òwúrọ̀ ibẹ̀ ti rí, bí oòrùn ti rí, irú oúnjẹ tí ò ń sè fún àwọn olówó. Kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ. Má pẹ́ bí èmi ṣe pẹ́. Ó lè mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé o sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ó dára kí ènìyàn gbọ́ ọ.

Ọlọ́run tó fi ìyá tí a kò mọ̀ rí ṣe olùrànlọ́wọ́ wa nínú aginjù, yóò ti fi àwọn ènìyàn rere ṣáájú ẹ̀yin méjèèjì dé ibẹ̀. Òtútù ò ní rí yín gbé ṣe, oòrùn ò ní pa yín. Bá mi kí Tájù, sọ fún un pé mo fọkàn tán an.

Èmi ni bàbá rẹ tí inú rẹ̀ dùn,
Gàníyù.